Bí Ọmọdé Ṣe Ń Sọ Èdè Àgbà: Alẹ́ Kan Pẹ̀lú Báǹdì Jáàsì Ńlá

Ìrìn àjò ni mo lọ. Mo lọ kí ọmọ mi obìnrin àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ojú mi sì rí màbo lọ́wọ́ òtútù oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tí inú mi ṣì ń dùn sí títí di àárọ̀ yìí. Ohun náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí kì í ṣe orin nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tiwa sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, mo sì sọ fún un pé ọmọ ọmọ mi ń ṣe jáàsì ní iléèwé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Háà! Prof, ọmọbìnrin kékeré yẹn? Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?" Oògùn ló rò pé mo ń wí. N ò bá a wí. Lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro wa, jáàsì ti di oògùn abẹnugọ̀ngọ̀. Ẹni tó bá ní jáàsì lára, wọn kì í fọwọ́ pa á lórí. Jáàsì tèmi lónìí, orin ni: orin tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní New Orleans ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, tó sì ti kárí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dópin ná. Ó ṣeé ṣe kí ẹ sọ pé ọ̀rẹ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Kí ni báǹdì ńlá?

Ohun tí wọ́n ń pè ní big band, ènìyàn bíi 17 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn márùn-ún ń fọn saxophone, àwọn ló jókòó níwájú. Àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn wọn ń fọn trombone, ìyẹn fèrè idẹ gígùn tí wọ́n máa ń fa ọ̀pá rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn pátápátá ń fọn trumpet. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ẹ ó ti rí àwọn mẹ́rin tó di ìdí orin mú: oní-dùrù, oní-jìtá, oní-béèsì àti onílù.

Orin ijó ni orin yìí nígbà tó gbayì jù, láàrin 1930 sí 1945. Duke Ellington jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ̀. Washington ni wọ́n ti bí i ní 1899, ibẹ̀ ò sì jìnnà rárá sílé ọmọ mi. Count Basie náà ń bẹ, ẹni tí báǹdì rẹ̀ ti Kansas City jáde. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé Bobby Benson l'Ékòó. Kí highlife tó gba ìgboro kan, irú orin báyìí wà lára ohun tí báǹdì tirẹ̀ ń lù fún àwọn oníjó.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń hun orin náà pọ̀, ẹ rántí lílé àti ègbè tiwa. Àwọn saxophone á lé e, àwọn trumpet àti trombone á gbè é. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́: ẹni tó ń gbè á bẹ̀rẹ̀ sí í lé. Nígbà mìíràn gbogbo wọn á pa ohùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àyà èèyàn á sì já.

Onílù wọn yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ló ń gbè é lẹ́yìn. Nínú báǹdì ńlá, onílù ló ń la ọ̀nà fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Bí gbogbo fèrè bá fẹ́ jùmọ̀ ké, onílù á ti lu nǹkan kan ṣáájú díẹ̀ tó máa sọ fún wọn pé, ẹ múra, ó ti dé. Àwọn trumpet mẹ́rin náà ní olórí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe mí ni àwọn mẹ́ta tó kù á mí; ibi tó bá ti gé ìró ni wọ́n á ti gé e. Béèyàn ò bá mọ èyí, á rò pé ariwo ńlá kan ló ń gbọ́. Béèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, ńṣe lá máa wo èjìká àwọn ọmọ náà.

Èjìká wọn gan-an ni mo ń wò lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn iléèwé girama ọmọ ọmọ mi. Àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18 ni gbogbo wọn. Òun jẹ́ 16, trombone ló ń fọn. Òbí ẹnì kan wá láti El Salvador, ti ẹlòmíràn láti Kòríà, ti ẹlòmíràn láti Ethiopia. Àwọn aláwọ̀ funfun wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ wọn fọwọ́ ta ìka lẹ́ẹ̀mejì, ó kà á, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Èjìká àwọn trumpet mẹ́rin gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹyẹ mẹ́rin fẹ́ fò láti orí ẹ̀ka kan. Kí ìró tó jáde rárá, mo ti mọ̀ pé orin náà máa dùn.

Ìwé tí kò ní àmì

Mo yọjú wo ìwé orin ọmọ ọmọ mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo lè ka ìwé orin díẹ̀, torí a kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe. Ohun tí mo rí níwèé àti ohun tí mo wá gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lórí ìwé, ìró kéékèèké méjì tó tẹ̀lé ara wọn dọ́gba bí ìbejì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ jáàsì bá fọn wọ́n, èkíní á gùn, èkejì á kúrú. Ohun tí wọ́n ń pè ní swing nìyẹn, òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ èèyàn máa jó láìgbàṣẹ. Mélòó ni ti àkọ́kọ́ fi gùn ju ti èkejì lọ? Kò sí iye kan pàtó. Bí orin bá rọra ń lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn pọ̀. Bó bá ń sáré, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Báǹdì kan á fà á díẹ̀, báǹdì mìíràn á ká a mọ́ra. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti orí fóònù, láìfi àmì kankan sí i: "E ma binu sa, oko mi ti baje." Mo jókòó tì í. Ṣé ọkọ rẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti bàjẹ́ ni? Àbí oko ló ra, tí nǹkan ọ̀gbìn ti bàjẹ́ níbẹ̀? Àbí ọkọ́ tó fi ń ro oko náà ló kán? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ó dákú sójú títì. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè lè ka ìwé tí kò ní àmì, torí ó ti ní ohùn náà nínú etí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ìwé náà ò lè ràn án lọ́wọ́.

Báyìí gan-an ni ìwé jáàsì rí. Ọmọ tí ò tíì gbọ́ báǹdì Basie rí lè fọn gbogbo ohun tó wà lórí ìwé láìṣì ẹyọ kan, kó sì dà bí òyìnbó tó ń ka Yorùbá láìsí ohùn. Nítorí náà, bí mo ṣe gbọ́ swing yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ 17 tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú Ellington, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó tì wọ́n, ó ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

"Wá" tí trombone wí

Ibi tó gbé mi dìde lórí àga ni ibi tí wọ́n ti fọn "Black and Tan Fantasy". Duke Ellington àti Bubber Miley, tó ń fọn trumpet fún un, ló jọ ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1927. Miley àti Joe Nanton, tí wọ́n ń pè ní Tricky Sam, ló jẹ́ kí báǹdì náà ní ohùn kan tí ẹlòmíràn ò ní. Rọ́bà tí púlọ́mbà fi ń ṣí síǹkì tó bá dí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Wọ́n á yọ igi rẹ̀ dànù, wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbé rọ́bà náà sí ẹnu fèrè, wọ́n á máa bò ó, wọ́n á máa ṣí i.

Ọmọ ọmọ mi dìde dúró. Trombone ti Nanton ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé rọ́bà náà bo ẹnu fèrè, ó fọn ún, ó ṣí i. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ni "wá".

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Tí a bá fẹ́ pe "w", à ń ká ètè jọ, ihò ẹnu á kéré, apá tó mú nínú ìró á há sínú. Bí a bá ti bọ́ sí "a", ẹnu á là, ohun tó há á tú jáde. Rọ́bà orí trombone ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bó bá bo ẹnu fèrè, ìró á dúdú bíi "u". Bó bá ṣí i díẹ̀díẹ̀, á máa súnmọ́ "a". Ọwọ́ òsì ọmọ náà ti di ètè. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wah-wah ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí nǹkan kan létí tiwọn. Létí tèmi, fèrè ń pe èèyàn ni. N ò sọ pé Yorùbá ni Nanton ń sọ o. Mo kàn ń sọ ohun tí etí mi gbọ́.

Ẹ wá fi wé dùndún. Dùndún ń sọ ohùn ọ̀rọ̀, kò lè sọ fáwẹ̀lì rẹ̀. Rọ́bà yìí ń sọ fáwẹ̀lì. Ọ̀pá trombone, èyí tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn, sì lè gbé ohùn gòkè, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀, láìgé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mà á padà sórí rẹ̀.

Ọmọ tó sọnù, àti àwọn tó wá a rí

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan lọ geere. Nínú "Cotton Tail", orin eré sísá tí Ellington ṣe ní 1940, ọmọkùnrin kan dìde láti dá fọn tenor saxophone. Ben Webster ló kọ́kọ́ dá a fọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, iṣẹ́ náà sì gbóná.

Àwọn tí ò mọ̀ máa ń rò pé ẹni tó ń dá fọn jáàsì ń fọn ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ni. Ẹ bi ẹni tó ń sun ìjálá bóyá ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ló ń sọ. Ó ti gbọ́ gbólóhùn lẹ́nu àgbà, ó ti tọ́jú wọn sínú, ó wá ń tún wọn tò bí ó ti rí ojú àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Oní-saxophone náà ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé orin wà tó gbọ́dọ̀ máa rìn nínú rẹ̀. Irú ilé orin "Cotton Tail" ní yàrá mẹ́rin. Àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹrin jọra, ẹ̀kẹta yàtọ̀. Béèyàn bá gbàgbé yàrá tó wà, gbogbo ohun tó ń fọn á máa kọlu ògiri.

Ọmọ náà sọnù. Mo rí i lójú rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ. Ó ṣì wà ní yàrá kejì nígbà tí báǹdì ti wọ ẹ̀kẹta. Ó yọ fèrè lẹ́nu díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Oní-dùrù, ọmọbìnrin kan tó kéré bí abẹ́rẹ́, gbójú sókè wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùrù gbangba, lọ́nà tí adití pàápàá á fi mọ yàrá tí wọ́n wà. Onílù ò wò ó rárá, àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ yàrá kẹrin, ó lu ìlù kan bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà gbọ́. Ó gbé fèrè padà sẹ́nu, ó wọlé. Ó fọn yíká méjì sí i, èyí tó sì fọn kẹ́yìn dùn ju gbogbo èyí tó ti fọn tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nígbà tó jókòó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi orúnkún ta á, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo ti kọ́ni ju ọgbọ̀n ọdún lọ. N ò mọ̀ bóyá mo rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti fetí sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọdé ti ń ṣe é tipẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àrà ni pé kí ọmọdé mọ orin yìí. Àtọ̀dọ̀ ọmọdé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Harry Carney jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tó wọ báǹdì Ellington ní 1927. Ó fọn baritone saxophone níbẹ̀ títí Ellington fi kú ní oṣù Karùn-ún 1974. Òun náà sì kú lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ọmọ ọdún 17 náà ni Ella Fitzgerald nígbà tó borí nínú ìdíje àwọn olórin tuntun ní Apollo Theater ní 1934. Ní Charleston, ní South Carolina, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Daniel Jenkins dá ilé ọmọ aláìlóbìí sílẹ̀ ní 1891, ó sì fún àwọn ọmọ náà ní fèrè kí wọ́n lè máa fi wá owó oúnjẹ. Ibẹ̀ ni Cat Anderson, tó wá ń fọn ohùn òkè téńté fún Ellington, ti kọ́ iṣẹ́. Iléèwé Piney Woods ní Mississippi náà dá báǹdì àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1937 láti fi wá owó fún iléèwé. Báǹdì yẹn, International Sweethearts of Rhythm, lọ lu orin fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Yúróòpù ní 1945.

Ìyàtọ̀ tó wà ni pé àwọn ọmọ ìgbà yẹn gbọ́ orin náà lójú pópó, níbi ijó, lórí rédíò. Kò sí ilé ijó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ta ló wá ń jẹ́ kí ti ìsinsìnyí gbọ́?

Ìdáhùn kan wà tó wú mi lórí. Láti 1996 ni ilé iṣẹ́ Jazz at Lincoln Center ní New York, tí Wynton Marsalis jẹ́ olùdarí orin rẹ̀, ti ń ṣe ìdíje kan fún báǹdì iléèwé girama, Essentially Ellington ni wọ́n ń pè é. Èmi ò bìkítà púpọ̀ fún ta ló borí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé wọ́n ń fi ìwé orin Ellington ránṣẹ́ sí àwọn iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti rí púpọ̀ nínú ìwé náà, ẹnì kan ní láti jókòó ti rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, kó máa gbọ́ ọ, kó máa dá a padà, kó kọ ohun tí fèrè kọ̀ọ̀kan ń wí sílẹ̀. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yẹn ni David Berger. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣebí iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn? Ẹ rántí bí a ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé, tí a ó padà dé, tí a ó máa gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan lẹ́ẹ̀ogún, kí a tó kọ ìlà kan.

Nǹkan kan tún wà nínú ìwé Ellington. Lórí ìwé tó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀, orúkọ ẹni ló sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ fèrè. Ó ń kọ ọ́ fún ohùn èèyàn kan pàtó, bí ìgbà tí a bá ń ki oríkì. Ọmọ tó bá gba ìwé Nanton lónìí gbọ́dọ̀ lọ wá Nanton rí kó tó wá ara rẹ̀ rí. Ọmọ ọmọ mi sọ fún mi pé òun ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ju igba ìgbà lọ. Nanton kú ní 1946. Ẹni tó ti kú láti 1946 ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń sọ "wá".

Ohun tó dùn mí

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òtítọ́ ò pé. Ọmọ ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, olùkọ́ kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé èdè méjì á da ọmọ náà lórí rú, pé kí wọ́n fi ti ilé sílẹ̀. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Dádì, kí lẹ wí sí i?" Èmi tí mo ti dúró níwájú yín lọ́dọọdún, tí mo ń sọ pé ọpọlọ ọmọdé gba èdè méjì, ó gba mẹ́ta, láìsí wàhálà. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bí wọ́n ti wí." N ò fẹ́ kí n dà bí bàbá tó ń ti òkèèrè pàṣẹ. Mo dákẹ́. Ọdún 13 ni mo fi dákẹ́.

Nínú gbọ̀ngàn yẹn, bí mo ṣe ń pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi. Àwọn ọmọ Kòríà àti ti El Salvador ń sọ èdè Ellington bí ẹni pé ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Àgbà kan ló kọ̀ láti dákẹ́ sí wọn létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà wọlé wá bá mi ní kíṣìnnì. "Good morning, Grandpa." Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ là ń wí." Ó gbìyànjú, ó pe gbogbo rẹ̀ lóhùn kan. Mo tún un wí. Ó ní kí n tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dijú, ó sáré lọ gbé trombone. Ó fà á: sókè, sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀. Káàárọ̀. Ó pé pérépéré.

Ẹ ò gbàgbé ẹ̀kọ́ yín. Tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa, bíi nínú "ìwé", ohùn kì í fò sókè, ó máa ń gun òkè ni. Tí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé òkè, bíi nínú "rárà", ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀. Dùrù ò lè ṣe ìyẹn. Dùndún lè ṣe é. Trombone náà lè ṣe é, ọmọ yìí sì ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ apá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Etí tí mo rò pé mo ti pàdánù, jáàsì ti bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo wí ọ̀rọ̀ kan, ó fọn ún. Lẹ́yìn náà ó gbé fèrè kalẹ̀, ó fi ẹnu wí i. Ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, ó fẹ́ sọ pé aládùúgbò ń sùn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí à ń ṣe, ó fara ti ilẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, tí báǹdì ọmọ iléèwé kan bá ń ṣeré nítòsí yín, ìbáà jẹ́ jáàsì, ìbáà jẹ́ dùndún, ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ wo èjìká wọn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọmọ tàbí ọmọ ọmọ lókè òkun, ẹ má dákẹ́ bí mo ti dákẹ́. Ẹ sọ èdè náà sí wọn létí, kódà bí wọn ò bá dá yín lóhùn.

Láti ìgbà tí mo ti dé, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni ọmọ náà ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo ti sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìsí àmì fún un, ó sì ti gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti ọ̀sẹ̀ yìí kúrú. Ó ní, "Bàbá àgbà, ọkọ̀ mi ti bàjẹ́."

Kò ní ọkọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ pé.

Ire o.